Wọ́n ní ọdún 54 ni ọmọ Nàìjíríà ń lò láyé: Kí ni àwọn àgbà Agbamu yóò sọ sí i?

Ẹni tí ó bá wọ ìlú Agbamu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ìrọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwọn àgbà tí wọ́n jókòó síwájú ilé tí wọ́n ń gba atẹ́gùn. Àwọn kan ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn mìíràn sì ti lé ní ọgọ́rin. Bí rédíò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bá wá ké jáde pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni ọmọ Nàìjíríà ń lò láyé, ta ni yóò bá wọn wí bí wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín? Ẹni tí ó ti lo ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n wá sọ fún un pé 54 ni iye tí ó yẹ kí ó lò, yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá gbèsè ni òun ń jẹ láti ọdún 26 sẹ́yìn.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ka ìròyìn náà lórí rédíò kò purọ́. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024, ọdún 54 àti ààbọ̀ ni wọ́n fi sí iwájú orúkọ Nàìjíríà fún ọdún 2023. Iye náà wà lára àwọn tí ó kéré jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ti gbogbo ayé lápapọ̀ jẹ́ ọdún 73, ti ilẹ̀ Japan sì lé ní 84.

Kí wá ni ìtumọ̀ 54 yìí? Ṣé ó túmọ̀ sí pé bí ènìyàn bá ti pé ọmọ ọdún 54 ní Nàìjíríà, kí ó máa di ẹrù rẹ̀ ni? Rárá o. Ẹni tí ó bá lóye bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò náà yóò rí i pé kì í ṣe àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí jù. Àwọn ìkókó àti àwọn ọmọ kéékèèké tí wọn kò dàgbà ni.

ÀPẸẸRẸ ỌMỌ MẸ́WÀÁ

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ mẹ́wàá ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí ní àdúgbò kan ní ọdún kan náà. Ọ̀kan kú ní ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an. Ibà mú èkejì lọ nígbà tí ó pé ọmọ ọdún kan. Èéyi pa ẹ̀kẹta ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin dàgbà, ó lọ́kọ, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni ó kú sí ní ọmọ ọdún 36. Àwọn mẹ́fà tí ó kù di arúgbó: ọ̀kan kú ní ọmọ ọdún 68, òmíràn ní 70, òmíràn ní 72, òmíràn ní 75, òmíràn ní 80, èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn sì lo ọdún 85.

Bí a bá ro gbogbo ọdún tí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lò pọ̀, yóò jẹ́ 490. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọdún 49 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òun ni àwọn onímọ̀ ìṣirò yóò kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó kú ní ọmọ ọdún 49. Kódà, bí a bá yọ àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta yẹn kúrò, tí a sì pín ọdún àwọn méje tí ó kù, iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní ọdún 69.

Ẹ jẹ́ kí á tún yí i padà díẹ̀. Ká ní ọmọ tí ibà fẹ́ pa rí oògùn lò ní àsìkò, tí èyí tí èéyi fẹ́ pa sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn méjèèjì dàgbà, wọ́n sì lo ọdún 70 àti 74. Àròpọ̀ ọdún àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò fò sókè di 630, iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì di 63. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó fi lé sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí àgbàlagbà kankan tí ẹ̀mí rẹ̀ fi ọjọ́ kan gùn sí i. Ọmọ méjì péré ni wọn kò sin.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí iye tiwọn ti ga nìyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn arúgbó wọn kọ́kọ́ rí oògùn àìkú. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n kọ́kọ́ yéé kú.

ÌWÉ ÒKÚ NI Ó BẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ìṣirò yìí ti pẹ́ láyé. Ní ìlú London, láti ayé àtijọ́, àwọn ìjọ máa ń kọ iye ènìyàn tí wọ́n sin ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pàápàá nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Oníṣòwò kan tí ó ń jẹ́ John Graunt kó àwọn ìwé náà jọ, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1662. Ó fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bá bí ní London, mẹ́rìndínlógójì ni yóò kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Èyí fi hàn pé ikú ọmọdé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan. Ó ti ṣe àwọn òyìnbó náà rí.

Ní ọdún 1693, Edmond Halley, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, gbé tirẹ̀ jáde. Ìlú Breslau, tí ó ń jẹ́ Wrocław ní ilẹ̀ Poland lónìí, ni wọ́n ti kọ ọjọ́ orí àwọn òkú sílẹ̀ dáadáa, èyí ni Halley sì lò. Ó ṣe ìwé kan tí ó fi hàn pé bí ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan bá wà ní ọmọ ọdún kan, iye báyìí ni yóò kù ní ọdún kejì, iye báyìí ní ọdún kẹwàá, títí di ọjọ́ ogbó. Ohun tí ó sún un ṣe é kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera nìkan. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn yóò sì máa san díẹ̀díẹ̀ padà fún wọn lọ́dọọdún títí di ọjọ́ ikú wọn. Iye kan náà ni ọ̀dọ́ àti arúgbó ń san. Halley ní kò bọ́gbọ́n mu.

Irú ìwé yẹn náà ni wọ́n ń lò títí di òní. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè jókòó fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó máa dúró de ìgbà tí gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lónìí yóò kú tán, wọ́n á fi ojú inú dá ọ̀kẹ́ márùn-ún ọmọ sílẹ̀, ìyẹn 100,000. Wọ́n á wá mú wọn la ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan kọjá, pẹ̀lú bí ikú ṣe ń pa àwọn tí ó wà ní ọjọ́ orí náà ní ọdún tí wọ́n ń ṣírò. Iye ọdún tí gbogbo wọn bá lò ni wọ́n á pín. Nítorí náà, 54 kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe àyànmọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí ikú bá ń pa ọmọdé àti àgbà bí ó ṣe ń pa wọ́n lọ́dún yẹn, tí ohunkóhun kò sì yí padà, ibí ni ọmọ tí wọ́n bí lónìí lè retí láti dé. Bí nǹkan bá dára sí i lọ́la, iye náà yóò gòkè.

Ọ̀RỌ̀ ỌJỌ́ ORÍ NÍLẸ̀ WA

Ibi tí wàhálà wà ni pé London àti Breslau ní ìwé òkú. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Yorùbá, ta ni ó kọ ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá bàbá ẹni sílẹ̀? Òfin kan wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1992 tí ó sọ ọ́ di dandan láti forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀, Àjọ Elétò Ìkànìyàn Orílẹ̀-èdè (NPC) ni iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ikú tí ó ń dé inú ìwé náà nínú àwọn tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ètò ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, oṣù kẹta ọdún 2006 ni. Wọ́n fẹ́ ṣe òmíràn ní ọdún 2023, wọ́n sì sún un síwájú.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìkànìyàn bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ìtàn ni wọ́n máa ń fi wá a. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, irú ìbéèrè tí ó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ pọ̀. Ṣé ẹ ti dáyé nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ère Èsìẹ́ wà, ní ọdún 1945? Báwo ni ẹ ṣe tó nígbà òmìnira ní 1960? Ṣé ẹ ti lọ́kọ nígbà tí ìjọba Gáná lé àwọn ará wa padà wálé ní òpin ọdún 1969? Ọmọ wo ni ẹ gbé pọ̀n nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní 1972, tàbí nígbà tí a fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973? Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti fojú bu ọjọ́ orí náà.

Ṣùgbọ́n àfojúbù kì í jọ òótọ́ délẹ̀délẹ̀. Àwọn tí ó máa ń sọ pé àwọn jẹ́ ọmọ 60, 65 tàbí 70 máa ń pọ̀ ju àwọn tí ó ń sọ pé 61 tàbí 67 ni àwọn lọ fíìfíì. Àwọn arúgbó mìíràn tún máa ń fi kún un nítorí iyì ogbó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì máa ń yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ìfẹ̀yìntì. Bí ọjọ́ orí kò bá dúró, ìṣirò tí a bá gbé kà á lórí yóò máa mì.

Ìdí nìyí tí iye tí àjọ kan ń pè fi máa ń yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ń sọ pé 54 àti ààbọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní tirẹ̀ fi iye ti Nàìjíríà sí òkè ọgọ́ta. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni. Níbi tí ìwé òkú kò bá sí, ọ̀nà tí oníkálùkù gbà fojú bù ú ni yóò sọ iye tí yóò rí.

OHUN TÍ WỌ́N Ń BÈÈRÈ LỌ́WỌ́ ÌYÁ ỌMỌ

Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, William Brass, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìṣirò ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni ó rí ọgbọ́n tí ó yanjú díẹ̀ nínú ìṣòro náà. Ó ní bí kò bá sí ìwé, kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá. Ọmọ mélòó ni ẹ ti bí? Mélòó ni ó wà láàyè? Mélòó ni ó ti kú? Bí a bá mọ ọjọ́ orí àwọn ìyá wọ̀nyí, a lè ṣírò bí ikú ọmọdé ṣe pọ̀ tó ní àdúgbò wọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tí wọ́n bá ní kí ó ka ọmọ rẹ̀ lè dáhùn pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Ọmọ tí ó lo ọjọ́ kan péré láyé, ó lè má dárúkọ rẹ̀ rárá, nítorí kò fẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà tún ṣí. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe ń pín ìbéèrè náà sí wẹ́wẹ́. Ọkùnrin mélòó ni ó ń gbé lọ́dọ̀ yín? Obìnrin mélòó? Mélòó ni ó wà ní ìlú mìíràn? Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá rọra béèrè bóyá ọmọ kan wà tí ó sunkún nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí ó mí, ṣùgbọ́n tí kò dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó jẹ́ pé ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí nìkan ni ó mú orúkọ wọn wọ ìwé.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí nípa ìlera àwọn ará ilé, NDHS, tí wọ́n máa ń ṣe ní Nàìjíríà láti ìgbà dé ìgbà, gbára lé. Ní ọdún 2003, ó fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí, 201 ni ó ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọ̀kan nínú márùn-ún nìyẹn. Nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2023 àti 2024, iye náà ti já wá sí 110, síbẹ̀ ó ṣì ń lọ bí ọ̀kan nínú mẹ́sàn-án. Kò sì dọ́gba káàkiri. Nígbà tí wọ́n ṣe ti ọdún 2018, iye náà jẹ́ 62 ní ẹkùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó sì jẹ́ 187 ní ẹkùn àríwá ìwọ̀-oòrùn. Ibi tí wọ́n bí ọmọ sí ń sọ púpọ̀ nípa iye ọdún tí yóò lò.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ÌDÓ ÀTI ÌSINBỌ̀DÉ

Àwọn ará Agbamu kò ní láti lọ sí òkè òkun kí wọ́n tó rí ẹ̀rí. Ní ilẹ̀ Èkìtì, tí ó bá ilẹ̀ Ìgbómìnà pààlà, onímọ̀ ọmọ Yorùbá kan, I.O. Orubuloye, àti John Caldwell, ọmọ ilẹ̀ Australia, ṣe ìwádìí ní ìlú méjì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1975. Àwọn ìlú náà ni Ìdó-Èkìtì àti Ìsinbọ̀dé-Èkìtì. Iṣẹ́ àgbẹ̀ kan náà, oúnjẹ kan náà, ìṣe kan náà. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Ìdó ní ilé ìwòsàn tí ó ní dókítà, Ìsinbọ̀dé kò ní irú rẹ̀. Ìwádìí náà fi hàn pé àwọn ọmọ Ìsinbọ̀dé ń kú ju àwọn ọmọ Ìdó lọ.

Caldwell tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1986, ó sì wo ọ̀rọ̀ ìwé kíkà àwọn ìyá mọ́ ọn. Ó ní bí ilé ìwòsàn bá wà nítòsí ṣùgbọ́n tí ìyá kò kàwé, iye ọdún tí ọmọ lè retí láti lò láyé fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i. Bí ìyá bá kàwé ṣùgbọ́n tí kò sí ilé ìwòsàn, ó fi ìdá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gùn. Ṣùgbọ́n níbi tí méjèèjì bá ti pàdé, ìdá mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni. Ẹni tí ó bá ro ogún àti mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pọ̀ yóò rí mẹ́tàléláàádọ́ta péré. Èyí tí ó lé, ìyá tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé ọmọ dìde, tí ó sì rí ibi gbé e lọ, ni ó mú un wá.

Ṣáájú wọn, láti ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan, David Morley, tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wọn ọmọ náà láti mọ̀ bóyá ó ń sanra. Káàdì tí ó lò fún wọn, tí ìyá ń mú lọ sílé tí ó sì ń mú padà wá, di ohun tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìyá tí ó bá ti gbé káàdì ìwọ̀n ọmọ lọ sí ilé ìlera rí, iṣẹ́ Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó mú dání.

ÒKÚ Ọ̀FỌ̀ KÌ Í NÍ ÌWÉ

Bí àgbà bá kú ní ilẹ̀ wa, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́. Wọn yóò pa màlúù, wọn yóò rán aṣọ ẹbí, wọn yóò kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sára ìwé ìpè àti sára ibojì. Ṣùgbọ́n bí ìkókó bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n á sáré sin ín, wọ́n á sì rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Kò sí ẹni tí yóò gbé ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ikú tí ó ń fa iye náà wálẹ̀ jù lọ ni ikú tí a kì í kà.

Kì í ṣe pé àṣà náà burú. Àánú ni ó mú un wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ìlú tí ikú ọmọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé, lójú àwọn tí ó ń pín nọ́ọ̀sì, oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí ìlú tí ọmọ kì í kú ni ó rí. Ibi tí wọ́n bá ti rí iye ni wọ́n máa ń kó nǹkan lọ.

ÀWỌN ÀGBÀ ŃKỌ́?

Ẹni tí ó ti la ewu ọmọdé kọjá ti fo odò tí ó jìn jù lọ. Nítorí náà, ẹni ọgọ́ta ọdún ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ fi 54 ṣe òdiwọ̀n ara rẹ̀. Nínú ìṣirò kan náà, ọdún tí ó ṣì lè retí níwájú lé ní mẹ́wàá dáadáa. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe ní 2004, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2014, iye ọdún tí wọ́n retí pé ènìyàn ṣì lè lò wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ iye tí wọn yóò máa san fún un lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá ná owó rẹ̀ tán nítorí pé rédíò ní ọdún 54 ni òpin, ebi ni yóò fi ogbó rẹ̀ jẹ.

Àwọn àgbà ló ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Gbogbo ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń ṣe láti ayé Graunt títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń fi nọ́ńbà sọ. Ìlú tí òbí ti ń sin ọmọ, iye tirẹ̀ yóò kéré. Ìlú tí ọmọ ti ń sin òbí, iye tirẹ̀ yóò ga.

Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ará ilé kò ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò kéré. Àjọ NPC ní òṣìṣẹ́ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gbogbo, Òmù-Àrán sì ni olú ìlú Ìrẹ́pọ̀dùn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi orúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀. Kí àwọn ìyá àgbà tí ó wà nílé rán àwọn ọmọ wọn létí. Kí ẹni tí ó bá sì ní Bíbélì tàbí Kùránì nílé kọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí àwọn bàbá kan ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá sì dúró, kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó lò láyé.